Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé, Níbo ni Ọmọ Wa Yóò Ti Ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Warri, Effurun, Sapele àti Ughelli ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ilé tí ó ti rán ọmọ lọ sí ilé ìwé gíga. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wa ti ń wá ṣòwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ní ìhà ibí yìí, ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́ ohun kan tí a kì í fi owó rẹ̀ ṣeré. Ìyá a ta aṣọ, bàbá a wa ọkọ̀, títí ọmọ yóò fi gba oyè kìíní àti oyè kejì, tí yóò sì di Ọ̀mọ̀wé. Ní ọjọ́ tí a bá fi oyè ńlá yìí dá a lọ́lá, gbogbo ẹbí a gbà pé ọmọ ti dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pàápàá jùlọ nínú ìmọ̀ nípa ohun èlò àti ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa ni pé orílẹ̀-èdè wa kò tíì pèsè ibi tí a ó ti ṣe iṣẹ́ náà, àti pé agbègbè Warri yìí wà lára ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ pèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ìmọ̀ náà jẹ́. Ohun gbogbo tí ènìyàn ń lò ni a fi nǹkan ṣe: irin, dígí, amọ̀, rọ́bà, ike, sìmẹ́ǹtì. Onímọ̀ nípa ohun èlò ni ẹni tí ó ń wádìí ìdí tí irin kan fi ń tẹ̀ tí òmíràn sì ń ṣẹ́, ìdí tí páìpù fi ń dípẹtà, bí a ti lè po amọ̀ tí kò ní fọ́ nínú iná, àti ohun tí a lè tẹ́ sórí òrùlé kí ó sọ ìtànṣán oòrùn di iná mànàmáná. Ní ayé òde òní, a tún ń bi í ní ìbéèrè kan tí a kò fi bẹ́ẹ̀ bi àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀: ǹjẹ́ a lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí láìtú èéfín sí ojú ọ̀run, láìda májèlé sínú odò?

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ wa kan, Abidemi Babatunde Babalola, wa ilẹ̀ ní 2011 àti 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí iye rẹ̀ lé ní 12,000, ó sì rí àfọ́kù 812 lára ìkòkò tí àwọn baba ńlá wa fi ń yọ́ dígí. Nígbà tí a yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, ó hàn gbangba pé ní Ifẹ̀ ni a ti ṣe é, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé láti òkè òkun nìkan ni dígí ti ń wọlé tọ̀ wá. Ní 2017 ni ìròyìn iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ ayé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé, ní àkókò náà, olùwádìí yìí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni ó sì wà tí ó ń bá ìwádìí lọ. Ilẹ̀ wa ni ó wà, ọmọ wa ni ó wà á, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn ni ó fún un ní àyè láti jókòó ti ohun tí ó rí.

Àyè bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, kò sì ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí láti mọ ìwúlò rẹ̀. Ọmọ tí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kì í ra ẹwìrì tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì. A máa dúró díẹ̀, a máa bá ọ̀gá rẹ̀ tàbí ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ gbowó, kí ojú rẹ̀ lè là sí ohun tí kò rí nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀mọ̀wé tuntun. Yóò lọ sí yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn fún ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Yóò lo ẹ̀rọ tí kò sí níbi tí ó ti kàwé. Yóò kọ àwọn ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò di olùkọ́ yunifásítì, tàbí onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá, tàbí kí ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Jámánì, Àjọ Alexander von Humboldt, tí a tún gbé dìde ní 1953, a máa gba irú àwọn ènìyàn báyìí láti gbogbo àgbáyé fún oṣù 6 sí 24. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn yunifásítì Johannesburg àti Tshwane, ní ẹ̀ka tí ó jẹ mọ́ irin àti ohun èlò.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ohun tí ọdún díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ ọmọ dà, kí a wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Omowunmi Sadik. Yunifásítì Èkó ni ó ti gba oyè kìíní àti ìkejì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wollongong ní Ọsirélíà ní 1994. Kò gba ibẹ̀ bọ́ sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Las Vegas, lọ́dọ̀ àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, kí ó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Binghamton ní 1996. Orúkọ rẹ̀ di ńlá nípa ike tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá, àti nípa àwọn ohun èlò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń fura sí májèlé kí ó tó pa ènìyàn lára. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń rí sí i pé irú ohun èlò wọ̀nyí kò ba ayé jẹ́. Ọdún méjì péré ni ó wà láàárín 1994 àti 1996, ṣùgbọ́n àwọn ni ó so ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, kò yẹ kí a fi adùn nìkan han ọmọ kí a sì fi ìkorò pamọ́ fún un. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ayérayé. Bí àdéhùn bá pé, olùwádìí a di ẹrù, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà káàkiri. Ní Gúúsù Áfíríkà, owó ìrànwọ́ ni a ń fún un, kì í ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́. Nítorí náà ìjọba kò gba owó orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ti ṣe é ní ìlú mẹ́ta, tí orí ń hewú, tí wọn kò sì tíì ní ibi kan tí wọ́n lè pè ní ibùjókòó. Ohun tí ó tún burú fún wa ni pé ìṣòro ilẹ̀ ẹni tí ó sanwó ni olùwádìí ń yanjú. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn, nítorí ẹni tí ó gbé ọmọṣẹ́ síṣẹ́ ni ó ń yan iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yanjú tiwa?

Àwọn ìṣòro náà kò jìnnà sí ojúlé yín. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Epo ti wà ní Effurun láti ọdún 1972 tí òfin rẹ̀ jáde. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Epo tẹ̀lé e ní 2007. A ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Warri ní 1978, a sì ṣí ilé iṣẹ́ irin Ovwian-Aladja ní 1982. A kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ fọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú irin ṣáájú. Irin tí a bá yọ́ ní Aladja ni a gbèrò láti máa kó lọ sí Òṣogbo, Katsina àti Jos, níbi tí a ó ti máa fà á di irin ìkọ́lé. Nítorí náà, ohun kan náà ni ó yẹ kí ó máa bọ́ òṣìṣẹ́ Aladja àti òṣìṣẹ́ Òṣogbo, ìdákẹ́ ọ̀kan sì ni ìdákẹ́ èkejì. Ìjọba ta Aladja fún aládàáni ní 2005, ó tún bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní 2015, ó sì ti pẹ́ gan-an tí kò ti ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n tí a gbèrò fún un. Ojú irin tí yóò máa kó òkúta irin láti Itakpe wá sí Warri, 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, a kò sì ṣí i títí di 2020.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ń lọ ní Sweden. Iṣẹ́ irin ni ó ń tú nǹkan bí 7 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, nítorí èédú ni ọ̀pọ̀ ìléru fi ń yọ irin kúrò lára òkúta. Ní ìlú Luleå, ilé iṣẹ́ mẹ́ta, SSAB, LKAB àti Vattenfall, parapọ̀ ṣí ibi ìdánwò kan ní 2020, níbi tí wọ́n ti pa èédú tì tí wọ́n sì ń lo háídírójìn. Ẹni tí ó bá mọ Aladja yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ọ̀nà tiwọn àti ọ̀nà tibẹ̀. Aladja kò lo èédú láti fa ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin. Gáàsì inú ilẹ̀ wa ni a kọ́ ọ láti máa fi ṣe é. Ohun tí àwọn ará Sweden ń náwó lé lórí láti kọ́, àwa ti ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 1982. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ ohun tí ó yẹ kí a yí padà nínú irú ìléru bẹ́ẹ̀, àti irú òkúta Itakpe tí yóò bá a mu, ẹnìkan ní láti jókòó tì í fún ọdún bí mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀rọ, pẹ̀lú owó oṣù, láìsí ohun mìíràn tí ń pín ọkàn rẹ̀ níyà. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tuntun gan-an nìyẹn.

Èkejì ni ìpẹtà. Inú ẹrẹ̀ àti omi oníyọ̀ ni páìpù epo àti gáàsì ń gbà kọjá ní agbègbè yìí. Bí páìpù bá dípẹtà, epo a tú sínú odò, ẹja a kú, oko a bàjẹ́, ẹni tí ó ni páìpù àti ẹni tí ó ni odò a sì jọ dé kóòtù. Àwọn onímọ̀ wa ní Nàìjíríà ti fi hàn nínú ìwádìí pé omi tí a fún lára àwọn ewé kan, bí ewúro àti dọ́ńgóyárò, a máa dín ìpẹtà kù lára irin tí ásíìdì bá fẹ́ jẹ. Láti inú yàrá ìwádìí dé orí páìpù gidi, ọ̀nà náà gùn, àwọn olùwádìí tí ó ti jáde ẹ̀kọ́ tí wọn kò sì tíì rù ẹrù olùkọ́ ni wọ́n sì máa ń rìn ín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú èyí kò ṣeé ṣe nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emeka Oguzie ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Owerri ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ìpẹtà ní Shenyang, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ó padà wálé. Ní 2019, pẹ̀lú ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé, ibùdó ìwádìí lórí agbára ọjọ́ iwájú gbérasọ ní yunifásítì náà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Owerri kò jìnnà sí Warri. Ohun tí ó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe ní Effurun, níbi tí ìléru, páìpù àti gáàsì wà ní ìtòsí.

Kí ni ó wá fà á tí kò fi rí bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ètò tiwa, kò sí ìjókòó kankan láàárín ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti olùkọ́. Bí ọ̀mọ̀wé tuntun bá rí iṣẹ́ olùkọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa kọ́, tí yóò sì máa wo ìwé ìdánwò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí kò bá rí i, yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ìmọ̀ tí a fi ọdún mẹ́wàá kó jọ yóò sì máa gbẹ. Kì í ṣe pé ìjọba kò ná owó rárá, ó sì yẹ kí a fi ọpẹ́ fún ẹni tí ọpẹ́ yẹ. Àjọ tí ń rí sí owó ìdàgbàsókè ìmọ̀ epo, tí òfin 1973 dá sílẹ̀, ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ kàwé gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé. Àjọ TETFund, tí ó gba orúkọ yìí ní 2011, ní àpò owó ìwádìí, Náírà bílíọ̀nù 7.5 sì ni a fọwọ́ sí fún un ní 2020. Ṣùgbọ́n owó ti àkọ́kọ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé, owó ti èkejì sì ń gba ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti wà nípò kọjá. Ẹni tí ó wà láàárín ni kò sí ẹni tí ń pè é wá jẹun.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí a tó máa wá ipò tuntun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ san owó oṣù olùkọ́ bí ó ti tọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn yunifásítì fi wà ní títì nítorí ìyanṣẹ́lódì, ẹ̀rọ ìwádìí kò sì mọ̀ pé ìjà owó ni ó dé. Ńṣe ni ó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ nítorí ebi ọdún yìí kò ní ohun tí yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀. Àwọn tí yóò rọ́pò ọ̀jọ̀gbọ́n òní ni à ń jẹ́ kí ó gba ẹnu ibodè jáde lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀yìn odi ní pàtàkì. Ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún ni, ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni ó sábà máa ń wà fún. Ọmọ tí a bí sí Warri, tí ó kàwé ní Warri, tí bàbá rẹ̀ sì wá láti Òṣogbo, kì í rí ti ibí gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ti ilé baba rẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àlejò àti onílé, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílé ti fi gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ipò ìwádìí tí a ó fi owó ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jùlọ, yálà Urhobo ni, tàbí Itsekiri, Ijaw, Ìgbò tàbí Yorùbá. Ìpẹtà kì í bi páìpù ní ìlú baba rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, a rọ ìjọba àpapọ̀ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipò díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì tí ó wà ní Effurun: ọdún mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí irin, lórí ìpẹtà, àti lórí gáàsì tí a ń dáná sun lásán. Kí a kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, kí a yọ owó ìfẹ̀yìntì wọn sọ́tọ̀, kí ètò ìlera sì wà. Ẹ̀rọ ìwádìí wọ́n púpọ̀. Nítorí náà kí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí bá Owerri, Ifẹ̀, Èkó, àti ilé ìwádìí ohun èlò tí ó wà ní Àkúrẹ́ ṣe àdéhùn, kí ohun tí kò sí níhìn-ín lè wà níbẹ̀. A sì rọ àwọn ilé iṣẹ́ epo àti irin pé kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà wọn, kí wọ́n kó páìpù tí ó ti jẹ àti ìṣòro tí ó ti sú wọn wá fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa gbogbo, a kò ní kí ẹ má ṣe ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n nínú owó tí ẹ ń fi ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀mọ̀wé tí kò ní owó ìwé ìrìnnà àti owó tí yóò fi kọ lẹ́tà ìbẹ̀wẹ̀. Sí ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa bi ọmọ yín léèrè ní gbogbo àárọ̀ pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe tí kò parí. Bí ó bá rí ipò olùwádìí fún ọdún méjì, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìlọ́ra. Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fúnra yín, kí ẹ tó gùn ọkọ̀ òfúrufú, ẹ béèrè: Èélòó ni owó náà lóṣù? Ta ni yóò ni ohun tí mo bá ṣàwárí? Ibo ni àwọn tí ó ti gba ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kọjá wà lónìí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì ṣetán láti gbà yín síṣẹ́.

Àwọn ará ìlú yìí a máa fọ́nnu pé Warri kì í kẹ́yìn. Nínú epo àti gáàsì, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n epo yóò tán ní ọjọ́ kan, irin tí kò dípẹtà àti dígí tí ń gba oòrùn ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí yóò ṣe wọ́n ti gba oyè ní ilé wa. Ìjókòó, irinṣẹ́ àti owó oṣù ni ó kù tí a kò tíì fún wọn, ìjọba sì ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn nínú ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀.